Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Lọ Síbì Kan

Ríìmù tó bá tẹ̀, ẹ gbé e wá.
Iṣẹ́ mi nìyẹn ní Túdùn Wàdà, Kàdúná, láti ọdún mọ́kànlélógún.
N óò gbé e kọ́, n óò yí i, n óò wò ó lójú,
n óò fún sípóòkì yìí, n óò dẹ tọ̀hún,
kí olówó rẹ̀ tó mu fúrá tán
ó ti ń yí geere.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó ti parí
lọ́jọ́ tí dókítà gé eegun ẹsẹ̀ Láwàní,
tó tún un tò, tó na ohun tó tẹ̀ síta bí ọrun.
Mo ti ra bàtà sílẹ̀.
Bàtà búráùn, olókùn.

Ṣé ẹ ti rí ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú sìmẹ́ǹtì kúrò lára rẹ̀?
Ó tín-ín-rín. Awọ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja.
Ó gún, lóòótọ́, ó gún bí ọ̀pá àsíá.
Ọ̀pá àsíá kì í rìn.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn:
ẹní kan, dígí gbàgàdà kan,
irin méjì tó nà gbọọrọ bí ojú irin rélùwéè,
àti kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní táyà.
Kande ló ni yàrá náà, ọmọ Kàgòró,
ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń po amọ̀.
Kì í pariwo. Kì í bẹ̀bẹ̀.
Ó di orúnkún ọmọ mi mú, ó ní, “Ká a.”
Orúnkún kọ̀.
Ó tún ní, “Ká a,”
bí ẹni pé kò tíì sọ ọ́ rí.

Ó ní kó kà á dé ẹ̀wá. Láwàní fi Yorùbá kà:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, ẹ̀jọ,
ó rò pé Hausa nìkan lobìnrin náà gbọ́.
Kande ò gbójú sókè. “Èje dà?”
Ọmọ náà fomijé rẹ́rìn-ín.
Èmi tí mò ń lu irin jẹun,
mo jáde lọ dúró sábẹ́ igi dọ́góńyárò.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
bágbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò.
Láwàní ṣubú láàárín irin méjì, èmi ló wò.
Mo nawọ́. Kande gbá ọwọ́ mi kúrò:
“Bàbá, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un.”

Nílé, agolo mílíìkì tí mo rọ yanrìn sí
la so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́,
kó gbé e sókè, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Àwọn alẹ́ kan, ó wò mí,
mo purọ́ pé n kò mọ ibi tí mo gbé agolo sí.
Lọ́jọ́ Àlàmísì Kande wọn orúnkún,
ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí.
Kò sọ nǹkan kan.
Alẹ́ ọjọ́ náà, mo rí agolo.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo dígí.
Ó kan kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan.
Pẹ́dàlì dé ìdajì, ó padà.
Ìdajì, ó padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.
Ṣéènì rẹ̀ ń ké bí ọmọ ológbò, ojú tì mí fún iṣẹ́ mi;
mo mú òróró wá láti ṣọ́ọ̀bù.
Mo wà nílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, àkísà lọ́wọ́,
nígbà tí ṣéènì kọjá níwájú ojú mi
tí kò padà.
Ó yí po. Ó tún yí po.
N kò gbórí sókè. Mo mọ ohùn
kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń wà.

Bàtà búráùn kò gbà á mọ́.
Kande ní ká má tíì ra òmíràn,
ó ku àtẹ̀gùn.